Bí Mo Ṣe Di Ẹrù Lórí Ẹní Akójọmálò

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti ẹ̀yin àlejò tí mi ò tíì mọ orúkọ yín, mo kí yín. Kí Ọba tó dá igbó tó dá ẹran má jẹ̀ẹ́ ká rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kó jọ má padà kó wa jọ. Ẹ ṣe àmín tó jinlẹ̀, nítorí mo ní ìdí tí mo fi gba àdúrà yìí. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó lọ sùn nílé ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé òótọ́ ni, kó kọ́kọ́ dé ibi tí mo dé ná.

Èmi ni Ọdẹ́kúnlé ọmọ Ọdẹ́jìmí, ọmọ ẹni tó wúkọ́ létí odò tí ẹfọ̀n gbàgbé omi mímu, ọmọ ẹni tí igbó ń kí kó tó kí igbó. Ìyá mi ló kọ́ mi ní àdúrà, bàbá mi ló kọ́ mi ní oríkì, mi ò ní olùkọ́ mìíràn lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní lọ́mọ ìyá, Ọdẹ́níyì, ṣùgbọ́n Sójà ni gbogbo Ìdí-Ọ̀pẹ̀ ń pè é, nítorí ó bá wọn lọ sí ogun Bọ́mà. Nígbà tó dé, ó ń tiro, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dínkù, mẹ́dà kan sì wà láyà rẹ̀: irin róbótó tí wọ́n ya orí ọba òyìnbó sí, tí wọ́n so kọ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń gbé e lọ sóko, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ń wẹ̀, ó wà lọ́rùn rẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé irin náà ló gbé níyàwó kí Abẹ̀kẹ́ tó dé.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin gíga kan wọ abúlé wa, ó ṣí agboòrùn funfun sórí, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò mú. Ó ń kéde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ẹ kó àtijọ́ wá, ẹ gba tuntun." Ni àwọn ènìyàn bá ń tú àjà. Wọ́n kó kọ́bọ̀ oníhò jáde, wọ́n kó sísì àti ṣílè tí ìjọba ti pa tì, wọ́n fa ṣakabùlà bàbá wọn yọ lábẹ́ òrùlé, ó sì ń fún wọn ní abọ́ tánganran tó ń dán. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú ilé, ó ń wo irin àyà rẹ̀. Ó wí pé, "Eléyìí kò bá mi roko rí." Ó tú u, ó nà án sí ọkùnrin náà, ó gba tọ́ọ̀ṣì tuntun.

Ó tẹ tọ́ọ̀ṣì náà. Ìmọ́lẹ̀ jáde, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì wọlé lọ, kò jáde mọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò gbọ́, kò fọ̀. Nígbà tó yá, Abẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

"Adúmáadán, ọkọ mi," ni ó wí, nítorí orúkọ tó sọ mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, "wá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo fi ìka kan ẹsẹ̀ náà. Ó dún bí agogo. Ó ti di irin láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, ó sì ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń wọ aṣọ.

Abẹ̀kẹ́ ní, "Bó bá dé àyà rẹ̀, kí ni kí n wí fún àwọn ọmọ?"

"Wí fún wọn pé bàbá wọn kékeré ti lọ gba irin náà padà."

"Bí ìwọ náà ò bá wá dé ńkọ́?"

"Kí o fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọdẹ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo di iṣu sísun àti ẹran gbígbẹ sápò, mo kúnlẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá mi, mo sì bọ́ sọ́nà.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kì í rí ẹran. Òórùn òróró tí wọ́n fi ń nu irin, èyí tí ọkùnrin alágboòrùn náà fi sílẹ̀ lọ́nà, ni mo ń tọ̀ lẹ́yìn, imú mi sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè mọ ẹtu tó gbààwẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹun. Òórùn náà fà mí wọ Igbó Ìbọndákẹ́. Ibẹ̀ ni òòrẹ̀ kan ti dìde sí mi, ó tóbi tó ilé, ẹnu ìbọn ni gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀, gígùn àti kúkúrú, èyí tí wọ́n fi jagun lójú bàbáńlá wa àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ogun tí wọ́n fi jà.

Ó ní, "Ìwọ ta ni?"

"Ọdẹ ni mí."

"Gbogbo wọn ló ń wí bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdẹ ṣe ibùsùn."

"Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń dùn ọ́."

Inú bí i. Ó na gbogbo ẹ̀gún rẹ̀ sí mi. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ọba tí kì í jẹ́ kí iná jó odò, ìránṣẹ́ rẹ rèé." Mi ò tíì pa ẹnu dé tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, òjò tó nípọn bí aṣọ òfì. Òòrẹ̀ yìn gbogbo ìbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni mo gbọ́? "Fúùù," bí arúgbó tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ̀tù rẹ̀ ti rin. Ojú tì í, ó dorí kodò.

Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ. Ẹ̀yin kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ará mi ni yín.

Láti ibẹ̀ ni mo ti já sí ìlú kan tí oòrùn ń gba inú ikùn àwọn ará ibẹ̀ kọjá. Ìlú àwọn owó tó ti kú ni. Onínì ń gbé ibẹ̀, Kọ́bọ̀ ń gbé ibẹ̀, Tọ́rọ́ àti Sísì ń gbé ojúlé kan náà wọn kì í kí ara wọn. Pẹlẹbẹ ni wọ́n, ojú níwájú, àwòrán lẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ní ihò róbótó láàárín ikùn. Bí wọ́n bá dúró níwájú rẹ, wàá máa rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Tọ́rọ́, àgbàlagbà kan tí orí rẹ̀ ti pá, di apá mi mú. "Ọdẹ, jọ̀ọ́, ná mi."

"Baba, kí ni kí n fi yín rà?"

"Ohun tó bá wù ọ́. Ẹ̀pà. Ata. Mo ti wà nínú owó orí ìyàwó rí. Mo ti bá wọn ra aṣọ òkú. Mo ti bọ́ sínú àwo ọrẹ tí mo dún tí pásítọ̀ gbójú sókè. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ mi sórí aṣọ àrán, mi ò bá ẹnikẹ́ni sunkún, mi ò bá ẹnikẹ́ni yọ̀."

Kọ́bọ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọdẹ, má dá a lóhùn. Gúgúrú ni àwọn ọmọdé ń fi í rà."

Tọ́rọ́ dáhùn pé, "Gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìwọ tí wọ́n ń fi okùn gba inú rẹ bí ẹja."

Àánú wọn ṣe mí. Mo mú iṣu sísun díẹ̀ nínú àpò, mo gbé e fún Kọ́bọ̀ pé kó tà á. Mo wá fi Tọ́rọ́ ra iṣu mi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Tọ́rọ́ kúrò ní ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, ó kígbe bí ọmọ tuntun. Kíá, gbogbo ìlú tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń ná ara wọn, òkúta ni wọ́n ń tà, ewé ni wọ́n ń rà, ọjà sì kún fún ẹ̀rín.

Tọ́rọ́ sìn mí dé ẹ̀yìn ìlú. Ó ní, "Ilé Akójọmálò tí ò ń lọ, mo ti gbé ibẹ̀ kí n tó yí bọ́ sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Olè kì í há síbẹ̀. Jàǹdùkú kì í há síbẹ̀. Ọmọlúàbí nìkan ni ilé náà ń mú. Ṣé ó yé ọ?"

Mo ní, "Baba, kò yé ẹni tó bí mi ju bẹ́ẹ̀ lọ." Kò yé mi rárá. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó ti fi òjò ṣẹ́gun òòrẹ̀, ṣé ó tún yẹ kó máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tọ́rọ́?

Ilé Akójọmálò dúró lórí ilẹ̀ gbígbá. Kò ní èéfín, kò ní adìẹ, kò ní ọlọ. Mo wọlé. Pẹpẹ tò lọ bí aporo oko, aṣọ àrán pupa wà lórí gbogbo wọn. Owó wà níbẹ̀, gbogbo wọn kọjú sókè. Mẹ́dà wà níbẹ̀ bí ojú ẹja lórí àtẹ. Ìbọn wà níbẹ̀, ṣakabùlà, ìléwọ́, èyí tí wọ́n fi wúrà gbẹ́ nídìí àti èyí tí ikán ti jẹ nídìí, gbogbo wọn ń dán, ìkankan kò rùn bí ọwọ́ ènìyàn. Ní ìpẹ̀kun, lórí ẹní funfun gbọọrọ kan, bàbá arúgbó kan jókòó, Akójọmálò fúnra rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀. Agboòrùn funfun tó ṣí wọ abúlé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Ọ̀tá ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni, irun rẹ̀ funfun, àkókò tí ènìyàn ń kí àgbà kọ́ ni ènìyàn ń bá a jà. Mo gbé ìbọn mi sẹ́nu ọ̀nà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, baba."

Àyà mi kan ẹní. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ohun tó bá ti tẹ́ ara rẹ̀ sórí ẹní yìí, tiwa ni."

Kí n tó dìde, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà lọ́rùn mi. Erin ò mú mi rí, ẹkùn ò mú mi rí, ìkíni ló mú mi. Wọ́n ní ìwà rere ń gbéni dé ibi gíga. Tèmi gbé mi dé orí pẹpẹ. Ìka méjì ni bàbá náà fi gbé mi, ó tò mí sáàárín ṣakabùlà kan àti ìléwọ́ kan, ó sì sún mi díẹ̀ sí ọ̀tún kí n lè bá wọn dọ́gba.

Ó wí fún ara rẹ̀ pé, "Ọdẹ. Ti àtijọ́. Ó ṣì ń mí." Ó ronú díẹ̀. "Mímí náà á tán."

Ó gbé àkísà olóróró, ó nù mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ibi tí òróró bá kàn á tutù, á le. Mo fẹ́ gbé apá, apá dún kẹrẹrẹ. Mo fẹ́ ké, ẹnu mi kò ṣí ju ti ìbọn lọ. Ojú fèrèsé kan wà ní ọ̀kánkán mi, oòrùn dúró síbẹ̀ gangan, kò lọ, kò bọ̀. Ó ti kó ọ̀sán kan jọ pẹ̀lú, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, kò jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ohùn mi padà díẹ̀, mo bi í pé, "Baba, kí ni ẹ fẹ́ fi wá ṣe?"

"Ṣe kẹ̀?" Ó dùn ún. "Mi ò fẹ́ fi yín ṣe nǹkan kan. Oore tí mo ṣe yín nìyẹn. Lóde ọ̀hún, wọ́n ń lò yín, ẹ̀ ń gbó, ẹ̀ ń sọnù. Níbí, ẹ ó máa wà."

"Wíwà láìṣe nǹkan, ṣé ayé nìyẹn?"

"Ó sàn ju ikú lọ."

"Ta ló sọ fún yín?"

Akójọmálò kò tọ́ ikú wò rí, kò sì tọ́ ayé wò. Bàbá náà kò jẹun rí, nítorí bí ó bá jẹ oúnjẹ, ó ti lò ó nìyẹn.

Nígbà tó lọ nu àwọn owó, ṣakabùlà tó wà lọ́tùn-ún mi sọ̀rọ̀. "Ọmọdé, má japoro. Bí o bá ń japoro, òróró á tètè wọ̀ ọ́."

"Ta ni ń sọ̀rọ̀?"

"Ọdẹ́bísí, ọdẹ Ìgbónlá. Mo kú, wọ́n sin mí, wọ́n jẹ ìrẹsì. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ tó péjọ láti ṣípà mi, àwọn ọmọ mi ti fi ìbọn mi gba abọ́ tánganran. Ìwọ náà, ṣé ọdẹ lè délé ọ̀run láìjẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ já a sílẹ̀?"

Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ gbọ́ ọ: bí ọdẹ bá kú, a máa ń kó ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sí oríta pẹ̀lú oúnjẹ, a ó sun ìrèmọ̀jé fún un, a ó sọ fún un pé ìpín rẹ̀ ti kúrò nínú ẹran wa, kó máa lọ. Ìpà nìyẹn. Ẹni tí wọn kò bá ṣípà rẹ̀, ibi tí ìbọn rẹ̀ bá wà ni yóò há sí.

Bí mo ti ń ronú ìyẹn lọ́wọ́, ohùn tí mo wá torí rẹ̀ dún láàárín àwọn mẹ́dà.

"Kúnlé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló ní kí o wá?"

"Ẹsẹ̀ yín tó ń dún bí agogo nílé ló ní kí n wá."

"Padà sílé."

"Ẹ jẹ́ ká jọ padà."

"Mi ò lè dá lọ. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Àwọn wo?"

"Àkànjí ará Ẹ̀dẹ. Súlè ọmọ Ìlọrin. Òkóró, ọmọ Ìgbò, tí a jọ ń sun àgọ́ kan. Inú ẹrẹ̀ Bọ́mà ni wọ́n kú mọ́ mi lọ́wọ́. A ò sin wọ́n, òjò ló sin wọ́n. Ọba fún mi ní irin kan, mo sì kó wọn sínú rẹ̀, mo gbé wọn kọ́ àyà. O rò pé irin lásán ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi gba tọ́ọ̀ṣì?"

"Ó rẹ̀ mí."

Mo dijú, mo gbàdúrà. Nígbà tí mo lajú, mo rí àdúrà mi tó bọ́ sórí pẹpẹ, ó ti di ẹyẹ idẹ kékeré. Akójọmálò sáré dé, ó gbé e, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àrán. Áà, Ọba tí í fi ọgbọ́n sínú ìdààmú. Mo mọ̀ nígbà náà pé bàbá yìí ń kó ohùn pẹ̀lú. Ọ̀kánjúwà kì í mọ ìgbà tí àpò rẹ̀ kún.

Mo ní, "Baba, ó mà ṣe o."

"Kí ló ṣe?"

"Ẹ kó ìbọn jọ, ẹ kò kó orin wọn. Ìbọn tí kò ní orin, ìkòkò tí kò ní ìdérí ni. Ẹni tó bá wọlé yìí yóò sọ pé ìdajì ni ẹ ní."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin ará, ẹ bú irú bàbá bẹ́ẹ̀, kò ní dùn ún. Ẹ sọ fún un pé ohun tó kó jọ kò pé, ẹ ti gún un lọ́bẹ. Ó ní, "Orin wo?"

"Ìrèmọ̀jé. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í jókòó sun ún, oríta ni wọ́n ti ń sun ún, wọ́n á sì kó ohun ọdẹ sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń sun ún."

Ó ṣiyèméjì. Ó wò mí. Ó wo pẹpẹ. Ó tú okùn ọrùn mi díẹ̀, apá mi rọ̀, ó gbé mi sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé láàárín àwọn pẹpẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó àwọn ìbọn wá, ó kó àwọn mẹ́dà wá, ó tò wọ́n yí mi ká. Mo kó ìyókù iṣu àti ẹran gbígbẹ mi sáàárín wọn. Bàbá náà gbóòórùn ẹran, ó fà sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. Mo bẹ̀rẹ̀:

Ọdẹ́bísí Ìgbónlá, a ti gba ìpín rẹ kúrò nínú ẹran wa.
Itan ẹtu kì í ṣe tìrẹ mọ́,
Orí ẹfọ̀n kì í ṣe tìrẹ mọ́.
Bí o bá gbọ́ ìró ìbọn, má wẹ̀yìn.
Bí o bá rí iná ọdẹ lókè, má béèrè pé tèmi dà.
Ẹni tó bá kú kì í ṣọ́ ẹ̀bù.
Gba iṣu rẹ, gba ẹran rẹ,
Ọ̀nà tó lọ sílé rèé, máa bá a lọ.

Ṣakabùlà náà mí kanlẹ̀. Dídán rẹ̀ kú, ó di irin àti igi. Mo pe èkejì, mo pe ẹ̀kẹta, ẹni tí mi ò bá mọ orúkọ rẹ̀ a máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀ látinú irin, èmi a sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń lọ, ilé ń fúyẹ́. Akójọmálò pa ojú dé, ó ń gbọ́ orin, ó na ọwọ́ kó mú un bí ó ti mú àdúrà mi, ṣùgbọ́n orin àtilọ kì í dúró kí wọ́n kó o.

Mo dé orí mẹ́dà ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé e sọ́wọ́. Mo ṣípà Àkànjí, mo ṣípà Súlè. Wọn kì í ṣe ọdẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìbọn wọ igbó tí kò bọ̀, ta ni yóò sọ pé kí n má ṣípà rẹ̀? Ó kan Òkóró. Mi ò mọ ìran rẹ̀, mi ò mọ oríkì rẹ̀. Mo dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Omi inú ìgò rẹ̀ kù ẹ̀kán. Ó fi ọwọ́ sún un sí mi."

Mo ní, "Òkóró, mi ò mọ igi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ sí. Ọmọ a-gbẹ-lọ́nà-ọ̀fun-kí-ẹlòmíràn-mu, ọmọ a-sún-omi-ìkẹyìn-sí-ọ̀rẹ́, ilé kan wà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Ilé náà ni kí o máa lọ." Ohùn kan tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ dáhùn, ó sì lọ.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi wí pé, "Kúnlé, pe tèmi náà."

"Mi ò ní pè é."

"Mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí. Ọ̀nà ti ṣí. Pè mí kí n bá wọn lọ."

Mo rí i tí mẹ́dà náà ń kú díẹ̀díẹ̀, dídán rẹ̀ ń ṣí. Ọkùnrin tó wà láàyè ni, orin òkú sì ń fà á. Ara mi tutù ju òróró lọ. Mo yí ohùn padà, mo fi orúkọ tí ìyá wa fi ń jí i láàárọ̀ pè é.

"Àlàó. Àgbàdo ti gbó lóko, ọ̀bọ ti bẹ̀rẹ̀. Àlàó, Abẹ̀kẹ́ pọn omi sílẹ̀, omi ti tutù. Àlàó, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì." Dídán mẹ́dà ṣì ń ṣí. "Àlàó, òrùlé ń jò níhà ibi tí o ń sùn sí."

Ohùn rẹ̀ jáde látinú irin. "Ó tún ń jò?"

"Ó ń jò."

"Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n má fi bẹẹrẹ tútù bò ó."

"Tútù náà ni wọ́n fi bò ó."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò gbọ́ràn," ni ó wí, inú sì bí i, mẹ́dà náà gbóná lọ́wọ́ mi. Ẹni tí inú lè bí sí òrùlé rẹ̀, ayé ló wà.

Akójọmálò lajú. Ó wo ìbọn, ó wo irin, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Kò pariwo. Ó ní, "O kó ilé mi lọ láìmú ohun kan." Ó fa okùn ọrùn mi, ó tún le dan-in. "Ṣùgbọ́n ẹní kì í ṣófo. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ fẹ́ dìde níbẹ̀, ohun kan tí ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀ ni yóò gba àyè yín."

Ó nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìbọn mi wà níbẹ̀, èyí tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ ti gba àpẹrẹ èjìká mi. Mo mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀: èmi fúnra mi ni. Mo wo okùn, mo wo fèrèsé tí oòrùn kò kúrò. Mo rántí ẹsẹ̀ tó ń dún nílé, àti ibi tí irin náà yóò ti gòkè dé báyìí. Mo gbé ìbọn mi, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní. Okùn já.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe sáré. Nígbà tí mo dé, irin ti dé ìdodo ẹ̀gbọ́n mi, Abẹ̀kẹ́ sì fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà rẹ̀ bí ẹni fi ọwọ́ dí ẹnu omi. Mo gbé mẹ́dà lé e láyà. Ìgbóná bọ̀ láti àyà, ó sọ̀kalẹ̀ sí ikùn, ó sọ̀kalẹ̀ sí orúnkún. Ó wúkọ́. Ó wò mí.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti délé?"

Mo ní, "Wọ́n ti délé."

Ó tú mẹ́dà náà, ó jù ú sí àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi í ṣeré, ó sì béèrè àkàbà. Orí òrùlé ló wà títí oòrùn fi wọ̀, tó ń bú wa. Ó pẹ́ láyé, ó kú bí àgbà, a sì sin ín bó ti yẹ.

Èmi ni mo kù. Ẹ máa ń rí mi lọ́sàn-án gangan tí mo máa ń gbọ̀n rìrì, ẹ̀yin a ní ọjọ́ ogbó ni. Ọjọ́ ogbó kọ́. Àkísà ni. Ó ń kan ọrùn mi, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó tutù. Wọ́n ń nù mí níbẹ̀.

Ọdẹ́wùmí, ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín, kí lo wí?

"Baba, mo ní bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí la ó gbé lọ sí oríta fún yín? Ẹ ò ní ìbọn."

O béèrè dáadáa. Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyẹn. Ìbọn mi kò lè wá, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ, yóò sì gbọ́ níbi tó wà bí ẹ bá jùmọ̀ pè é. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ojú fèrèsé yẹn ni n ó máa wò títí ayé. Kí Ọba mímọ́ má jẹ̀ẹ́ kí ẹ gbàgbé. Ẹ fi ẹ̀gúsí sílẹ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ bá wọn pè é pẹ̀lú. Ohùnòpadà ni orúkọ rẹ̀, irin tó jẹun lójú iná, a-ké-lẹ́ẹ̀kan-kí-ẹfọ̀n-gbàgbé-ìyá-rẹ̀.

"Ohùnòpadà, irin tó jẹun lójú iná, a-ké-lẹ́ẹ̀kan-kí-ẹfọ̀n-gbàgbé-ìyá-rẹ̀."

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbé e sókè tó. Ibẹ̀ jìnnà. Ẹ tún un pè.